Orúkọ Tí A Kọ Sí Ìwé Ọkọ̀ Ìbẹ̀ṣẹ̀

Tí èèyàn bá ti ìrìn-àjò dé ní Ìkirè, kó tó sọ ẹrù kalẹ̀ ni wọ́n ti máa bi í ní ìbéèrè méjì: ṣé àlàáfíà lo bá wọn, àti pé kí lo mú bọ̀? Èkíní rọrùn, mo sì dáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dé. Èkejì ni mo fẹ́ dáhùn níbí, nítorí àwọn kan ti ń bá mi dáhùn rẹ̀ lẹ́yìn mi. Wọ́n ní ẹja ni wọ́n fi rà mí. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹja eléegun kì í ṣe oúnjẹ mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Ràsákì ló kú sí Ìbẹ̀ṣẹ̀, létí ọ̀sà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkòròdú. Iṣẹ́ bíríkìlà ló gbé e lọ sí Ìkòròdú, omi ló dá a dúró síbẹ̀. Ó fi ìyàwó kan sílẹ̀, Bísírá, ọmọ bíbí Ìbẹ̀ṣẹ̀. Ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ tó ṣì wà nílé-ìwé, ó sì fi ọkọ̀ ojú-omi kan sílẹ̀ tó fi ń gbé èrò. Fọ́tò ọkọ̀ náà wà lára ògiri pálọ̀ ìyá wa. Ràsákì dúró sínú rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. Kò sí àlejò tí ìyá wa kì í fi í hàn.

Kò tíì pé oṣù kan tí a sin ín tí ìròyìn dé pé àwọn aṣọ́nà omi ti so ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí kò bá ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé èrò mọ́, tí oṣù bá sì parí tí ìwé kò jáde, wọ́n máa wọ́ ọ lọ. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, Alájì Mùdá, pe ẹbí jọ. Ohun tí wọ́n pinnu ni pé kí ẹnì kan lọ ṣe ìwé náà ní orúkọ ẹbí, kí ọkọ̀ ọmọ wa má bàa bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Wọ́n kọ lẹ́tà: ọkọ̀ Ràsákì ti di ti ẹbí, ohunkóhun tí aṣojú wa bá sì fọwọ́ sí lórí rẹ̀, gbogbo wa la fọwọ́ sí i. Wọ́n tẹ̀ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni wọ́n fi ṣe aṣojú, nítorí tíṣà ni mí, àwọn ará ilé wa sì gbà pé kò sí fọ́ọ̀mù tó lè na tíṣà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo gbà pẹ̀lú wọn. N kò lọ síbẹ̀ bí ẹni mímọ́. Mo ká lẹ́tà náà sí ìsàlẹ̀ báàgì, mo kó dòdò Ìkirè lé e lórí, mo wọ mọ́tò.

Ìkòròdú

Bí mo ṣe sọ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú ni ọkùnrin kan ti gba báàgì mi. "Ìyá, Ìbẹ̀ṣẹ̀ àbí Ìjẹ̀dẹ́? Ẹ wọlé, ó ku ẹnìkan!" Mo wo inú mọ́tò tó ń fi hàn mí, awakọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní, "Ẹnìkan wo ló kù?" Ó ní, "Ẹ̀yin náà ni, Ìyá. Tí ẹ bá ti wọlé, ó tán, ó ku ọwọ́ Ọlọ́run." Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tí Ràsákì ti kú, ojú sì tì mí.

Ohun tí mo rí ní Ìkòròdú ni pé ibòmíràn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti wá síbẹ̀. Obìnrin tó ta omi fún mi, ará Ìsẹ́yìn ni. Ó gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Ọ̀ṣun lẹ ti wá," ó sì fi omi kan kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti lò tó ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Mo bi í bóyá ó máa padà sílé, ó ní, "Tí mo bá ti kọ́lé tán." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti sọ ọ́ títí tó sú u.

Alájì Mùdá ti fún mi ní nọ́ńbà ajẹ́ntì kan tó ń bá àwọn èèyàn ṣe ìwé ọkọ̀, ti ilẹ̀ àti ti omi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí gáréèjì: kọ̀ǹpútà kan, fáànù kan, fáìlì tò lọ bẹẹrẹbẹ lára ògiri. Ọ̀gá Fáìlì ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe jìbìtì ló ń ṣe, mo fẹ́ kí èyí yé yín. Ó fún mi ní àga, ó bá mi kẹ́dùn, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú," ó ní. "Lẹ́tà ẹbí yẹn ti tó. Fọ́tò pélébé méjì, kí ẹ kọ orúkọ tí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ síbí. Tó bá di Jímọ̀, ẹ wá gba ìwé yín. Ṣáápù-ṣáápù."

"Ẹ ò ní lọ wo ọkọ̀ náà?"

"Kí n wò ó fún kí ni? Ọkọ̀ náà ni ṣá."

"Ìyàwó olóògbé ńkọ́?"

"Ṣebí inú opó ló wà? Ẹ jẹ́ kó jókòó sílé rẹ̀ jẹ́ẹ́. Tìtorí kí ẹ má bàa rìn ni èmi ṣe wà níbí."

Mo wo ibi tó ní kí n kọ orúkọ sí. Ìlà gbọọrọ kan ni, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo ti gbé bírò. Ẹ má rò pé ẹ̀rí-ọkàn ló dá mi dúró o, agídí ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wọn ṣe iṣẹ́ àmúrelé, mo wá jókòó síwájú ọkùnrin kan tó fẹ́ bá mi ṣe tèmi. Mo ní mo máa ṣe é fúnra mi. Kò bínú. "Ẹ máa padà wá," ó ní. "Ọ́fíìsì máa bi yín ní ìbéèrè títí á fi sú yín. Èmi kì í béèrè nǹkan kan ní tèmi."

Mo dúpẹ́, mo sì jáde. Nígbà yẹn, mo rò pé ọ́fíìsì ló ń bú.

Ìbẹ̀ṣẹ̀

Kí èèyàn tó rí Ìbẹ̀ṣẹ̀ ló ti máa gbóòórùn rẹ̀: èéfín, ẹja, ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀sà yọ. Èmi tí mo rò pé mo mọ omi nítorí pé mo mọ odò Ọ̀ṣun! Odò ní òdìkejì. Mo dúró létí ọ̀sà, mo ń wá òdìkejì nínú kùrukùru, n kò rí i. Mo ronú pé níbí ni Ràsákì ti ń jí lójoojúmọ́, ọmọ tí a jọ ń bẹ̀rù àgbàrá nígbà tí a wà ní kékeré.

Bísírá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ opó rẹ̀. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ rẹ̀ ni mí, ó kúnlẹ̀. "Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ mi, ẹ káàbọ̀." Orúkọ tó sọ mí látọjọ́ ìgbéyàwó nìyẹn, nítorí ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Mo fà á dìde, a jọ sunkún. Nígbà tó yá, ó gbé èbà àti ọbẹ̀ ọ̀bọ̀kún wá, ó sì bu orí ẹja náà fún mi. Ọmọ rẹ̀ wo àwo mi, ó wo ìyá rẹ̀. Ọ̀la rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé nínú ilé yẹn, Ràsákì nìkan ló máa ń jẹ orí ẹja.

Àwọn ará Ìbẹ̀ṣẹ̀ ń kí mi dáadáa. Wọ́n á kí mi, wọ́n á kí àwọn ará ilé, wọ́n á kí mi kú ọ̀rọ̀ èèyàn, lẹ́yìn náà wọ́n á dúró kí n kọjá. Ìyá arúgbó kan tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni kò lè pa á mọ́ra.

"Ìgbà wo lẹ ń kó ẹrù?" ó bi mí.

"Ẹrù wo, Màmá?"

"Ẹrù tí àwọn ará òkè máa ń wá kó tí ọmọ wọn bá kú síbí."

Ó yí ẹja rẹ̀ padà, kò wo ojú mi mọ́. Ẹnikẹ́ni kò pè mí ní ará òkè rí láyé mi. Ní Ìkirè, ọmọ ìlú ni mí, ọmọ ilé báyìí-báyìí. Níbẹ̀, mo kàn jẹ́ ẹnì kan tó ti ibi gíga sọ̀ kalẹ̀ wá kó nǹkan. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé kò parọ́, lẹ́tà wà nínú báàgì mi.

N kò sọ̀rọ̀ lẹ́tà náà fún Bísírá. Mo ní mo wá bá wọn ṣe ìwé ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀," ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀pẹ́

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé náà wà ní Ẹ̀pẹ́. Bí ẹ bá dé Ẹ̀pẹ́, ẹ fi ìkánjú Ìkòròdú sílẹ̀ lẹ́yìn odi. Mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ilé. Kò nawọ́ sí ibì kankan. Ó dìde, ó wá bàtà rẹ̀, ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó bi mí bóyá mo ti jẹun, ó sì padà sí ibi tó jókòó sí.

Obìnrin kan ló wà nídìí tábìlì, ó wọ ìjáàbù, ó lo awò ojú. Ó gba fọ́ọ̀mù mi, ó rí i pé n kò tíì kọ orúkọ olówó ọkọ̀.

"Ta ló ni ín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà. Ó ti ṣaláìsí."

"Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn. Ta ló kan ọkọ̀ náà?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ọkọ̀ pákó tí kò bá ní rìsíìtì, ẹni tó kàn án la máa ń bi. Kó kọ ọ́ fún wa: ìgbà tó kàn án, bó ṣe gùn tó, àti ẹni tó kàn án fún. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ wá ká fojú rí i. Kí ẹni tó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ náà wá, kó dúró síwájú mi níbí."

"Ìyàwó rẹ̀ wà nínú opó, mà."

"Mo gbọ́. Kó béèrè lọ́wọ́ àwọn alùfáà rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ orúkọ ẹni tí mi ò rí."

Mo jáde, mo pe Bísírá lórí fóònù, mo bi í pé ta ló kan ọkọ̀ náà. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Bàbá Káfíńtà ni, létí omi níbẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ Sálíù ló rán yín." Sálíù ni bàbá rẹ̀ tó ti kú. Mo rò pé ó kàn fẹ́ kí bàbá náà dá mi lóhùn ni.

Bàbá Káfíńtà ń fi òwú àti ọ̀dà dí ojú pákó nígbà tí mo bá a. Àgbàlagbà ni, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ṣìnà. Ẹ̀ka èdè Ẹ̀pẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kó tún un sọ, ó rẹ́rìn-ín, ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ fún mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní mi ò lè bá òun sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní àìjẹun. Ó bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi. N kò jẹ ẹ́ rí, iṣu ewùrà tó rọ̀ bí ọbẹ̀, ẹja sì wà nínú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo fún un ní dòdò Ìkirè. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ní, "Ṣé ó jóná ni?" Ó tọ́ ọ wò, ó sì kó ìyókù sápò.

Mo wá sọ fún un pé lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Ràsákì ni mo ṣe wá.

"Ràsákì?" ó ní. "Mi ò kan ọkọ̀ kankan fún Ràsákì."

Mo rò pé mo ṣìlé. Mo júwe ọkọ̀ náà fún un.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ Sálíù ni. Èmi àti bàbá mi la kàn án fún Sálíù. Nígbà tí Sálíù kú tí ọkọ̀ gbó, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé e wá bá mi. Ṣé o rí i, ọkọ̀ tó ti bọ́ ilé kan, mi kì í jẹ́ kí wọ́n fi dáná. Igi ìdí rẹ̀, èyí tí a kan gbogbo pákó yòókù mọ́, mo máa ń yọ ọ́, màá kan tuntun lé e lórí. Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ gan-an lòun fẹ́, kí igi bàbá òun wà níbẹ̀. Mo bá a kàn án. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e wá, ó bá wa gbé pákó. Ọmọ dáadáa ni."

"Ṣùgbọ́n Bàbá, òun ló ń wà á."

"Dírẹ́bà ló ń wa mọ́tò," ó ní jẹ́jẹ́. "Ṣé dírẹ́bà ló ni ín ni?"

Ojú rẹ̀ kò jẹ́ kó lè kọ̀wé, ó ní kí n bá òun kọ ọ́. Ó ń sọ, mo ń kọ. Ọwọ́ èmi tí ẹbí rán ló kọ ọ́ pé wọ́n kan ọkọ̀ yìí fún Bísírá ọmọ Sálíù, lórí igi ìdí ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Ó tẹ̀ka sí i.

Nínú mọ́tò tó gbé mi padà, mo bínú sí òkú. Ọdún lọ́dún, "ọkọ̀ mi, ọkọ̀ mi," lórí fóònù. Mo bínú sí i títí a fi dé Ìtóìkín, ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé mo ní lẹ́tà kan lọ́wọ́ tí wọ́n fẹ́ fi gba ohun tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, mo sì fi Ràsákì sílẹ̀, mo kọjú sí ara mi.

Èyí tí wọn kò béèrè

Bísírá ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo wọlé nírọ̀lẹ́. Mo jókòó tì í.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi pé ìwọ lo ni ọkọ̀?"

Kò gbójú sókè. "Ta ló bi mí?"

Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ tí Ràsákì ti kú, a bi í ní ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, a bi í níbi tí ẹrù rẹ̀ wà. A kò bi í ní ti ọkọ̀.

"Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀," ó ní, "ọkọ mi wá sí ilẹ̀ onílẹ̀. Ilé tó ń gbé, ti ẹbí mi ni. Àwọ̀n tó ń lò, ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò sí ohun tó fọwọ́ kàn tí kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Mo ní kó máa pe ọkọ̀ yìí ní tirẹ̀. Kí ni mo pàdánù níbẹ̀? Òun náà ló fi ń bọ́ wa."

Mo lọ gbé lẹ́tà náà wá, mo kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń wo àwọn àmì ìka náà.

"Èwo ni ti Ìyá?"

Mo fi hàn án. Ó gbé ìka tirẹ̀ lé e lórí, ó sì gbé e kúrò. "Ìyá náà tẹ̀ ẹ́," ó ní.

"Wọn ò mọ̀ ni."

"Mo mọ̀ pé wọn ò mọ̀. Ẹ lọ ṣe bí wọ́n ṣe rán yín. Mi ò ní bá ẹbí ọkọ mi jà nínú opó."

Ẹ wá gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ gba ajẹ́ntì tàbí kí ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn. Kò sí ohun tó ní kí n má padà sí ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Fáìlì lọ́jọ́ kejì. Àga rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìlà gbọọrọ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ǹ bá kọ orúkọ ẹbí sí i, kí n gba ìwé ní Jímọ̀, kí n délé, kí gbogbo yín jó. Òfin kankan kò ní mú mi. Ajẹ́ntì máa ń yára nítorí pé kò ní bi yín ní ìbéèrè. Tí ẹ bá mọ ẹni tó ni nǹkan, ẹ gbé iṣẹ́ fún un, ẹ máa sùn. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ lọ fúnra yín, kí ẹni tó fẹ́ béèrè lè rí yín bi.

Mo bẹ Bísírá pé kó dìde, ó kọ̀. Mo lọ bá ìmáàmù àdúgbò wọn. Ó fetí sílẹ̀, ó ní ohun tí èèyàn kò lè ṣe aláìṣe ni, kó jáde lọ́sàn-án, kó padà sùn sílé rẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi wá sọ ọ́ fún un lójú àwọn aládùúgbò. Ìyá arúgbó tó ń yan ẹja dìde dúró láti gbọ́ ọ dáadáa. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pe Bísírá ní Àǹtí. Ó sọ fún mi pé kò bójú mu, mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Lórí ọ̀sà

Àwọn aṣọ́nà omi gbà kí a gbé ọkọ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò. Aládùúgbò kan ló bá wa wà á. Mo wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, mo di etí ọkọ̀ mú bí ẹni di ẹnu ọ̀nà mú lọ́wọ́ olè. Bísírá jókòó níwájú nínú aṣọ opó rẹ̀, ó bo orí. Ó ń sọ fún awakọ̀ ibi tí iyanrìn wà lábẹ́ omi. Kò ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí ilẹ̀ jìnnà sí wa, ó yíjú sí mi.

"Ibí ló ti máa ń dín ẹ́ńjìnnì kù," ó ní. "Ẹ̀rù omi máa ń bà á."

"Ràsákì?"

"Kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú. Lówùúrọ̀ tó bá fẹ́ jáde, á di ọwọ́ mi mú títí ọwọ́ rẹ̀ ò fi ní gbọ̀n mọ́. Lẹ́yìn náà á jáde síta, á máa bá èrò ṣàwàdà. Kò sí èrò tó mọ̀."

Nígbà náà ló wá sunkún, sókè, bí ẹni tó ti ń dúró kí ilẹ̀ jìnnà. Èmi náà sunkún. Awakọ̀ ń wo iwájú rẹ̀. Mo ronú nípa gbogbo ìgbà tó ti pè wá, tó ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ rẹ̀, tí a sì ń rẹ́rìn-ín, tí kò sí ẹni tó bi í pé, ṣé kì í bà ọ́ lẹ́rù?

Ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n wọn ọkọ̀, wọ́n wo ìdí rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Obìnrin aláwò ojú ka ìwé Bàbá Káfíńtà. Ó bi Bísírá ní ìbéèrè mẹ́rin tàbí márùn-ún nípa ọkọ̀ náà, ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó wá wo àwa méjèèjì.

"Ṣé ẹnikẹ́ni wà tó lè wá sọ lọ́la pé òun ló ni ín?"

Bísírá wo ilẹ̀. Mo yọ lẹ́tà ẹbí, mo gbé e sórí tábìlì. Ó kà á, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Lẹ́tà yìí sọ pé ohunkóhun tí ẹ bá fọwọ́ sí, gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ lè gbé e padà, kí ẹ jọ lọ sí kóòtù. Oṣù á ti parí kí ẹ tó débẹ̀. Tàbí kí ẹ kọ ọ́ fún mi báyìí pé ẹbí ò ní nǹkan kan láti gbà lára ọkọ̀ yìí, kí ẹ fọwọ́ sí i."

Mo ronú nípa Alájì Mùdá. Mo ronú nípa ìyá wa. Mo gbé bírò, mo sì kọ ọ́. Lórí fọ́ọ̀mù, níbi tí wọ́n kọ olówó ọkọ̀ sí, mo kọ Bísírá ọmọ Sálíù. Ohun tí mo mú bọ̀ nìyẹn: ẹ̀dà ìwé kan tí mo fi ìka gbogbo ẹbí wa sọ ọ̀rọ̀ tí wọn kò rán mi.

Ilé

Ẹbí tún pé jọ. Mo ka ìwé náà fún wọn, mo sọ ohun tí mo sọ fún yín yìí. Mo ní àwọn àgbà ló sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Alájì Mùdá ní, "Ta ló ní kó o ronú? Ọwọ́ la rán, a ò rán orí." Ó dìde, ó jáde.

Ìyá wa kò sọ̀rọ̀ ìwé rárá. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó ní kí n tún ibi ẹ̀rù omi yẹn sọ fún òun, ibi tó ti ń di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Mo tún un sọ. Ó ní kí n bá òun pe Bísírá. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́, mo jáde kúrò nítòsí wọn.

Ọkọ̀ náà ti ń gbé èrò padà. Opó Bísírá ti parí.

Alájì Mùdá kò tíì dá mi lóhùn láti ọjọ́ yẹn. Iwájú ilé rẹ̀ ni mo máa ń gbà lọ sílé-ìwé láràárọ̀, ó sì máa ń jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Mo máa ń kúnlẹ̀, mo máa ń ní, "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi." Á yíjú sí títì bí ẹni pé mọ́tò kan ń bọ̀. Mo máa ń dúró díẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó dìde, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe pé mo ń kánjú. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi kò sì jí nǹkan kan. Ọ̀la náà, màá kúnlẹ̀.